Bírò Pupa Ọjọ́ Sátidé

Ní àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Sátidé, Aránṣọ máa ń ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á fi aṣọ bò ó, á wá gbá èérún aṣọ kúrò lórí tábìlì gígùn tó ti ń gé aṣọ. Orí tábìlì yìí ni àwọn òbí tó ti yọ ọmọ wọn kúrò nílé-ìwé ìjọba máa ń kó ìwé lé: ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ìwé tí eku ti jẹ etí rẹ̀, máàpù ayé kan tí wọ́n ti ká títí tí ojú ìká fi pa odindi orílẹ̀-èdè kan rẹ́. Ẹni tó bá mú ìwé lọ lọ́sẹ̀ yìí á dá a padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ẹlòmíràn lè mú un. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ pé ìwé òun ni. Ìwé gbogbo wa ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, ọ̀rọ̀ náà a sì máa dùn mọ́ wọn lẹ́nu.

Bí wọ́n bá ti pín ìwé tán, ẹjọ́ ilé-ìwé á bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní kíláàsì ọmọ òun kún débi pé àwọn ọmọ ń bà sójú fèrèsé bí ẹyẹlé. Ẹlòmíràn á ní tíṣà ń ta bisikíìtì nínú kíláàsì, ọmọ tí kò bá rà á ni yóò nu pátákó. Ìyá Ìbejì, tó ń ṣe irun lójú pópó, ní tíṣà kan kọ èsì ìdánwò kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ òun méjèèjì, nígbà tí òun sì bi í léèrè, ó ní ṣebí ojú kan náà ni wọ́n ní. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì kan lẹ́nu wọn.

Ẹjọ́ Aránṣọ nìkan ni wọn kì í fi rẹ́rìn-ín. Òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ilé-ìwé tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò nígbà kan. Lọ́jọ́ tó gbé iṣẹ́ lọ fún wọn, ó gbọ́ tí kíláàsì kan ń pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń falẹ̀, bí omi tó ń kán láti orí òrùlé sínú garawa. Ó rò pé wọ́n ń yẹ́ ọmọ kan sí ni. Ó rọra yọjú lójú fèrèsé, kí òun náà lè bá wọn yọ̀. Jẹ́jẹ́, ọmọ rẹ̀, ló dúró níwájú pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu. Ọmọ náà ti ń kólòlò láti kékeré. Ìdí nìyẹn tí kì í fi sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé sì fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Tíṣà ti ní kí àwọn yòókù máa pàtẹ́wọ́ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi jáde. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Aránṣọ sọ ẹrù yunifọ́ọ̀mù kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ rìn dé ilé.

Ọkọ rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni, ọ̀nà ló ń gbé ju ilé lọ, orí fóònù ló sì ti ń ṣe bàbá. Ó bi í bóyá ó rò pé bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níwèé. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kó tó wá sọ ohun tí yóò gbà. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò ìwọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì. Bó bá yege, òun ò ní wí nǹkan mọ́ láé. Bó bá fèèlì, ó ń padà sí ilé-ìwé yẹn, sínú kíláàsì yẹn, títí yóò fi yege. Aránṣọ gbà. Jẹ́jẹ́ jókòó sábẹ́ tábìlì, ó ń ṣa bọ́tìnì, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kàwé bí ẹni tí ajá ń lé.

Nọ́ọ̀sì ló kó àwọn òbí náà jọ. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, tó bá sì ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dà bíi pé ó ń ka ìlò oògùn fún ènìyàn. Ó ní ọ̀tún ní í wẹ òsì, òsì ní í wẹ ọ̀tún, kí ọwọ́ tó mọ́. Ó ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, nítorí náà òbí kankan kò gbọdọ̀ máàkì iṣẹ́ ọmọ tirẹ̀. Kí ọmọ jókòó lóun nìkan kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ìyá má fọwọ́ kàn án, kí bàbá má yọjú sí i. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹlòmíràn ni yóò máàkì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń kó bírò pupa wá nínú báàgì rẹ̀. Ó máa ń pín in, tí wọ́n bá sì parí, á gbà á padà, á máa kà á bí ẹni tó ń ka abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún aláìsàn.

Ìṣirò Jẹ́jẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Káfíńtà. Ìṣirò ọmọ Káfíńtà bọ́ sọ́wọ́ Aránṣọ.

Ìyàwó Káfíńtà ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, ọmọ tó lẹ́nu bí ẹni tó ti lo ayé tẹ́lẹ̀ rí, tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá-Àgbà. Nípa bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe di Bàbá Ìyá-Àgbà. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú àlejò, àlejò á máa wò ó láti òkè dé ilẹ̀, á máa wá ewú lórí rẹ̀. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni. Sátidé àkọ́kọ́, Aránṣọ máàkì iṣẹ́ Ìyá-Àgbà bó ṣe rí gan-an. Ìdajì rẹ̀ kò dára, ó sì fa igi pupa lé wọn lórí. Káfíńtà gba iṣẹ́ náà, ó wò ó títí. Ó kàn ká a, ó fi í sápò, ó rọra di ọmọ rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ mú, wọ́n lọ. Ní ọ̀sẹ̀ náà ló wá bá Aránṣọ tún ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ tó ń mì ṣe, kò sì gba kọ́bọ̀. Bó ṣe kúnlẹ̀ tó ń kan ìṣó, ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ, ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun ń gbìyànjú.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ Aránṣọ kò lè fa igi lé iṣẹ́ ọmọ náà mọ́. Bí ìdáhùn bá sún mọ́ òótọ́, á ní ó gbà á. Nígbà tó yá, bí kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn, á ṣì ní ó gbà á. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohun kékeré ni, pé ọmọ tí kò níyàá ni, pé òun nìkan sáà ló ń ṣe é nínú gbogbo wọn. Tí iṣẹ́ Jẹ́jẹ́ bá sì padà dé tí wọ́n fi bírò pupa máàkì gbogbo rẹ̀ ní gbígbà, ó máa ń dì mọ́ ọmọ náà, á ní kò sí tíṣà ayé yìí tó lè ṣe tó òun.

Ọjọ́ kan wà tí Jẹ́jẹ́ wá dúró tì í níbi tó ti ń ránṣọ. Ó ní òun àti Ìyá-Àgbà ṣe ìṣirò kan náà, ìdáhùn wọn kò jọra, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn méjèèjì gbà á. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Aránṣọ lọ́jọ́ náà, ẹni tó ni aṣọ sì ń dúró.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ó wí, kò gbójú sókè.

Jẹ́jẹ́ rò ó. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀-ọ̀nà lè pọ̀, Màámi. Ṣé ọjà náà pọ̀ ni?"

Ẹni tó ni aṣọ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí yóò di lọ́yà. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo wọn lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì yin Jẹ́jẹ́. Káfíńtà nìkan ló ń wo bírò ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí èsì jáde, ara ògiri ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Jẹ́jẹ́ fi ìka wá nọ́ńbà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kò sí níbẹ̀. Ti Ìyá-Àgbà kò sí níbẹ̀. Ti àwọn ìbejì kò sí níbẹ̀. Nínú gbogbo àwọn ọmọ tó ń jókòó sí tábìlì Aránṣọ, ọmọ Nọ́ọ̀sì nìkan ló yege. Akọ̀wé tó wà nínú ọ́fíìsì wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní ìwé kíkà Jẹ́jẹ́ dára, àròkọ rẹ̀ dára púpọ̀ pàápàá, ìṣirò ló gbé e ṣubú. Aránṣọ ní kó tún wò ó dáadáa, bóyá ti ẹlòmíràn ni. Akọ̀wé yí kọ̀ǹpútà sí i kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Nígbà tí wọ́n délé, Aránṣọ na aṣọ kan sórí tábìlì. Ó bi Jẹ́jẹ́ pé bí òun bá ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yáàdì, tí òun gé ìdajì yáàdì kúrò níbẹ̀, mélòó ló kù.

"O-odidi kan," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó dá a lójú. Ó ṣàlàyé rẹ̀: tí a bá mú ẹyọ kan kúrò nínú mẹ́ta, ó ku méjì lókè, tí a bá mú méjì kúrò nínú mẹ́rin, ó ku méjì nísàlẹ̀, méjì lórí méjì, odidi kan nìyẹn.

Aránṣọ wo aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ, kò tíì rí aṣọ tí wọ́n gé tó wá gùn sí i.

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Bí mo ṣe rí i nínú ìwé ni mo rò. Wọ́n sì máa ń ní mo gbà á."

Kò bínú sí ọmọ náà. Ó bọ́ sí bàtà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà. Ọkùnrin náà ń fá pákó, bó sì ṣe rí i lókèèrè, ó dáwọ́ dúró. Kò kí i, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ìkíni tó bá ọjọ́ náà mu.

"Mo rí i, Ìyá Jẹ́jẹ́," ó ní. "Mo ti rí i tipẹ́ pé ọmọ yín ń ṣì í. Pákó ni mò ń wọ̀n lójoojúmọ́, mo mọ ìdajì, mo mọ ìdá mẹ́rin."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wí?"

"Ẹ̀yin náà rí ti ọmọ mi."

Èérún igi ń fò káàkiri nínú oòrùn bí kòkòrò. Káfíńtà ní nígbà tí òun rí i pé Aránṣọ ń fún ọmọ òun ní gbogbo máàkì, inú òun dùn dé ibi tí òun kò lè sọ, nítorí òun mọ̀ pé àánú ni, kò sì sí ẹni tó ti ṣàánú ọmọ náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ. Òun wá rò ó pé irú ẹni wo ni òun yóò jẹ́, bí wọ́n bá ń fi oyin sẹ́nu ọmọ òun, tí òun sì ń fi ewúro sẹ́nu ọmọ ẹlòmíràn. "Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń ṣe é," ó ní. Aránṣọ kò sọ fún un pé òun náà rò bẹ́ẹ̀. Kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Bó bá na ìka sí i, ìka yòókù á máa wo òun náà lójú.

Ìbínú náà ní láti rí ibìkan lọ, ó sì gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìnkùlé. Aránṣọ kọ́kọ́ kí i kú oríire ọmọ. Lẹ́yìn náà ló bi í pé ta ló ń máàkì ìṣirò ọmọ náà lọ́jọ́ Sátidé.

"Ìyá Ìbejì ni," Nọ́ọ̀sì wí. "Gbogbo ìgbà ló máa ń fún un ní gbogbo rẹ̀. Ó fún un ní gbígbà lọ́jọ́ kan lórí ojú ewé tí ọmọ náà kò kọ nǹkan kan sí."

"Báwo ló wá ṣe yege?"

Nọ́ọ̀sì ti ẹ̀rọ omi pa. Ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Mo máa ń tún un máàkì nílé."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí òbí má fọwọ́ kàn án."

"Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ni gbogbo wa ń kọ."

Nọ́ọ̀sì wò ó, ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ó bi í pé ta ló fẹ́ kí òun sọ fún. Ṣé inú ilé Aránṣọ, níwájú àwọn ènìyàn, ni òun ìbá ti sọ pé ọmọ rẹ̀ kò mọ ìṣirò? Obìnrin tó sọ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀ nítorí àtẹ́wọ́, ṣé yóò gbà á lẹ́nu òun? "Ẹ sọ òótọ́ fún mi, Ìyá Jẹ́jẹ́. Bí mo bá fa igi pupa lé ti ọmọ yín, ṣé ẹ ó padà wá ní Sátidé kejì, àbí orúkọ tíṣà yẹn lẹ máa fi pè mí?"

Aránṣọ mọ ohun tí òun ìbá ti ṣe. Ìyẹn ló tún dun ún jù.

"Ọmọ yín ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì," ó ní. "Tèmi ń padà síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún un."

Nọ́ọ̀sì ní òun lè máa kọ́ Jẹ́jẹ́ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ tọ́, ó sì ṣeé ṣe kó wá láti inú ọkàn rẹ̀. Ẹnìkan pè é nínú ilé pé aláìsàn ń dúró, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ọkọ Aránṣọ kò pariwo lórí fóònù. Ó sàn kó pariwo. Ó ní àdéhùn ni àdéhùn, àti pé ọmọ náà gbọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní ọdún kan sí i, ó ní òun ti mọ ibi tí àṣìṣe wà báyìí. Ọkọ rẹ̀ bi í pé ta ni yóò máàkì fún un lọ́tẹ̀ yìí.

Aránṣọ sọ fún Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi Káfíńtà pamọ́, kò fi ara rẹ̀ pamọ́. Ọmọ náà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ẹ̀yin náà ń pa- ń parọ́ fún Ìyá-Àgbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Jẹ́jẹ́ kò sunkún. Ó dìde, ó lọ kó bọ́tìnì tó ti ṣà sínú agolo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí ìyá rẹ̀ bá ní oúnjẹ tó sè dùn, tàbí irun tó dì dára, ọmọ náà á kọ́kọ́ wò ó lójú, bí ẹni tó gba owó ní ọjà tó ń gbé e sókè wo nínú oòrùn bóyá ayédèrú ni. Aránṣọ a máa rí i.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn òbí náà wá kó ìwé. Kò sẹ́ni tó jókòó. Ìyá Ìbejì mú ìwé sáyẹ́ǹsì, ó ní òun lòun rà á. Ẹnìkan ní irọ́ ni, òun ni, ó sì fi ibi tí epo ti kán sí i hàn án. Àwọn méjèèjì di ìwé náà mú lọ́tùn-ún lósì títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já tán, tí oníkálukú sì mú ìdajì tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó mú máàpù. Nọ́ọ̀sì kò wá.

Lọ́jọ́ tí Aránṣọ mú Jẹ́jẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀, tíṣà àtẹ́wọ́ náà wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ó dá Jẹ́jẹ́ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé ahọ́n ti tú báyìí. Ọ̀gá ilé-ìwé náà rẹ́rìn-ín. Aránṣọ fọwọ́ sí ibi tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí.

Ní àárọ̀ tí ilé-ìwé wọlé, wọ́n rìn dé oríta, Jẹ́jẹ́ sì dúró. Ó ní kí ìyá òun má bá òun dé ẹnu géètì. Bí wọ́n ṣe dúró síbẹ̀, Káfíńtà yọ pẹ̀lú Ìyá-Àgbà. Ọmọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, ó ń sọ ibi tí àwọn yóò jókòó sí àti ibi tí òun kò ní jókòó sí láéláé. Ó gba ọwọ́ Jẹ́jẹ́ bí ìyá àgbà tó ń fa ọmọ-ọmọ kọjá títì, wọ́n jọ lọ. Jẹ́jẹ́ kò wẹ̀yìn. Àwọn òbí méjèèjì ń wò wọ́n títí wọ́n fi wọ inú èrò ọmọ tó wọ aṣọ kan náà, tí ènìyàn kò dá ti ẹni mọ̀ mọ́.

Káfíńtà ń nu eruku kúrò lápá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku kankan níbẹ̀.

"Mo gbọ́ pé tíṣà yẹn ti yàtọ̀ báyìí," ó ní. "Wọ́n ní ó ti ń fi sùúrù ṣe é."

Aránṣọ mọ̀ pé kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

"Èmi náà gbọ́ bẹ́ẹ̀," ó wí.

"Ó máa dáa."

"Ó máa dáa, Bàbá Ìyá-Àgbà."

Wọ́n dágbére fún ara wọn, oníkálukú sì gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.